Ìlà Tí Kò Tíì Padà Délé

Agboolé wa, Ìsàlẹ̀ Èkó,
Ọjọ́ Àtàláátà, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Sìdíkátù Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tó kọ́kọ́ pè mí ní bàbá,

Gbogbo ilé wà ní àlàáfíà, Alihamdulilahi. Ìyá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà Òkè Àrin dé pẹ̀lú páálí mílíìkì alágolo, ó ń bá alábàárù jà lẹ́nu ọ̀nà báyìí, nítorí náà mo mọ̀ pé ara rẹ̀ dá. Èmi ni ọkàn mi kò balẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ka lẹ́tà rẹ lánàá ni oúnjẹ kò ti lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́. Ìyá rẹ bi mí pé, "Bàbá Sìdí, ṣé ara ọmọ náà kò yá ni?" Mo ní ara rẹ̀ yá. Ó ní, "Ṣé wọ́n lé e níṣẹ́ ni?" Mo ní rárá, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ níbẹ̀. Ó ní, "Kí ló wá ń ṣe yín tí ẹ fi ń wo ògiri?" N kò mọ bí mo ṣe máa sọ fún un pé ìparí ìlà ló ń dẹ́rù bà mí.

Jẹ́ kí n tún ohun tí o kọ sọ, kí o lè mọ̀ pé ó yé mi. O ní ètò tí o kọ fún kọ̀ǹpútà ilé oògùn yín ní Ìbàdàn ti parí. Oògùn oníyẹ̀fun ti àwọn ọmọdé lẹ fi ń ránṣẹ́ sí àwọn ilé-ìwòsàn, àwọn ni wọ́n ń fi omi pò ó lọ́hùn-ún, ẹ̀yin sì lẹ ń fi tẹ́lẹ́ẹ̀sì sọ fún wọn bí omi yóò ṣe pọ̀ tó, ẹ̀rọ tiwọn a sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé lọ́hùn-ún. Ìlà kan, oògùn kan. Iye ìwọ̀n omi ló ń ṣáájú, orúkọ oògùn tẹ̀ lé e. Ètò tìrẹ ló ń to àwọn ìlà yìí, àmọ́ kò mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí wáyà, nítorí náà ó ń pe ètò mìíràn tó bá kọ̀ǹpútà náà wá láti òkè òkun, ó ń kó ọ̀rọ̀ lé e lọ́wọ́, onítọ̀hún ló sì ń fi í ránṣẹ́.

O ní nígbà àkọ́kọ́ tí o dán an wò, ọ̀rọ̀ náà jáde bí àtẹ̀gùn. Ìlà kejì bẹ̀rẹ̀ níbi tí ti àkọ́kọ́ parí sí, ìkẹta tún lọ sí ọ̀tún, títí ó fi jábọ́ lára ìwé. O wá rí i pé ìsọ̀kalẹ̀ nìkan ni ètò rẹ ń fi parí ìlà, ìyẹn àṣẹ tó ń fa ìwé sókè. Kò fi ìpadà sí i, ìyẹn àṣẹ tó ń dá orí ẹ̀rọ tó ń tẹ lẹ́tà padà sí apá òsì. O fi ìpadà kún un, àtẹ̀gùn sì wó. Inú mi dùn débi pé mo ka ibẹ̀ sókè fún ìyá rẹ. Ó ṣe Àmín.

Ẹ̀yìn ìyẹn lo wá kọ gbólóhùn tó gba oúnjẹ lẹ́nu mi. O ní: "Bàbá mi, mo wo téèpù oníhò tí àwọn akọ̀wé àgbà ọ́fíìsì wa ń lò tẹ́lẹ̀. Ẹ ò ní gbà á gbọ́, ní ìparí gbogbo ìlà, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń tẹ ìpadà! Bóyá ìka wọn ń gbọ̀n ni. Ẹyọ kan ni mo fi sí tèmi, ó mọ́ tónítóní."

Àbẹ̀kẹ́, ìka wa kò gbọ̀n.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ tẹ́lẹ́ẹ̀sì létí Màrínà, ọwọ́ mi yá ju ti gbogbo yàrá lọ, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá wa ni Ọ̀gá Dàda, ará Iléṣà kan tí kì í bọ́ kóòtù bó ti wù kí ooru mú tó. Ó kọ́ wa pé kí a máa tẹ ìpadà lẹ́ẹ̀mejì kí a tó tẹ ìsọ̀kalẹ̀. Kò sọ ìdí rẹ̀, èmi náà kò sì béèrè. Mo ní àṣà àwọn arúgbó ni. Mo ń tẹ ẹyọ kan, mo ń kọjá lọ, mo ń parí ṣáájú gbogbo èèyàn, mo wá ń fọwọ́ lẹ́rán wo àwọn yòókù bí ẹni pé ṣe ni wọ́n ń sùn. Mo gbádùn ara mi gan-an.

Ó di ọjọ́ kan, mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀ka wa ní Ìlọrin pé kí wọ́n kó dúrọ́ọ̀mù kẹrosíìnì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún oníbàárà kan kí Iléyá tó dé. Márùn-ún ni wọ́n kó fún un. Lẹ́yìn ọdún, ọkùnrin náà wọ ọkọ̀ wá sí Èkó fúnra rẹ̀, pẹ̀lú agbádá funfun tí eruku ọ̀nà ti pọ́n. Ó dúró sí àárín yàrá wa, ó ní, "Ta ló kọ ọ́? Ẹ fi ojú rẹ̀ hàn mí." Ìwé tí wọ́n gbà ní Ìlọrin wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, àlàfo ni, lẹ́yìn náà 5. Ẹni tó bá wò ó dáadáa ló máa tó rí i pé 1 dá dúró láàárín ìwé, ó há sáàárín àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn. Wọ́n rò pé ìdọ̀tí ni.

Ọ̀gá Dàda kò jágbe mọ́ mi. Ó bẹ ọkùnrin náà títí ó fi jókòó, ó ra kókà-kólà fún un, ó wá ní, "Lásíìsì, wá." Ó ní kí ẹlòmíì fi ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ tó wà ní igun yàrá, gẹ́gẹ́ bí èmi ṣe tẹ̀ ẹ́.

"Wo orí rẹ̀ bó ṣe ń padà," ló wí.

Mo wò ó. Àṣẹ ìpadà ti dé, orí ẹ̀rọ ti ń sáré bọ̀ láti apá ọ̀tún, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ló ṣì wà nígbà tí lẹ́tà tó kàn wọlé. Ẹ̀rọ kò mọ sùúrù. Ibi tí lẹ́tà náà bá a ló tẹ̀ ẹ́ sí.

"Ṣé o rí i?" ló wí. "Kò tíì délé tí o fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ìkejì tí mo ní kí ẹ máa tẹ̀ yẹn, kò ní iṣẹ́ mìíràn. Ó kàn ń fún un láàyè kó délé ni."

Kẹrosíìnì ni tèmi. Wọ́n bú mi, ó tán. Oògùn ọmọdé ni tìrẹ, Àbẹ̀kẹ́. Bí ìwọ̀n omi méjìlá bá di méjì lórí ìwé yẹn, nọ́ọ̀sì kan tí kò mọ nǹkan kan nípa èmi àti ìwọ yóò po oògùn náà kí ó ki, yóò sì fi ṣíbí bù ú sí ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu. Ohun tí mo ń rí láti àná nìyẹn. Bí mo bá ń kírun, òun ni mò ń rí.

Ìwọ yóò ní, "Ṣùgbọ́n mo dán an wò, ó dára." Mo gbà. Ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà yín lo fi dán an wò, tuntun sì ni. Irú ìyẹn máa ń kó ọ̀rọ̀ pa mọ́ sínú títí orí rẹ̀ yóò fi padà, kò sí bí o ṣe lè yára jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ìwọ náà lo kọ ọ́ pé o lọ wo ẹ̀rọ ilé-ìwòsàn kan, pé ó jọ èyí tó wà ní ọ́fíìsì mi nígbà tí o wà ní kékeré, aláwọ̀ eérú, tó máa ń mi tábìlì. Kì í ṣe pé ó jọ ọ́. Ọmọ ìyá rẹ̀ ni. Èyí tó wà ní ọ́fíìsì mi nígbà náà ni mò ń lò títí di òní.

Nítorí náà, gbọ́ mi dáadáa.

Èkíní. Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ó dára bẹ́ẹ̀ ní ààfin. Nínú iṣẹ́ tèmi àti tìrẹ, ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún gan-an ló yẹ kí a bẹ̀rù. Má béèrè pé báwo ni ìlà ṣe ń parí lórí kọ̀ǹpútà tìrẹ. Béèrè pé ta ló wà ní òpin wáyà, irú ẹ̀rọ wo ló ní, báwo ni tirẹ̀ ṣe ń fẹ́ kí ìlà parí. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Bí ẹ̀rọ ìdajì àwọn ilé-ìwòsàn bá jẹ́ tuntun, tí ìdajì jẹ́ àtijọ́, arúgbó inú wọn ni kí o máa fi ṣe ìwọ̀n. Tuntun yóò gba ìpadà méjì, kò ní pa á lára. Arúgbó kò lè gba ẹyọ kan.

Èkejì ni ètò àjèjì tí o ń pè yẹn. Ọmọ mi, o kò mọ ohun tó ń ṣe sí ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́yìn tó bá ti gbà á. Ó lè jẹ́ pé òun náà ń fi ìpadà tirẹ̀ kún un. Ó lè jẹ́ pé bí o bá kó méjì fún un, á ní ọ̀kan ti pọ̀ jù, á sọ ọ́ nù láì sọ fún ọ. Má ṣe gbọ́kàn lé ìwé tó bá a wá nìkan. Ní kí ó lu ọ̀rọ̀ rẹ sórí téèpù bébà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ihò tirẹ̀, gbé téèpù náà sí ojú fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ gba inú ihò rẹ̀ kọjá, kí o sì kà á. O mọ̀ ọ́n kà. Ìgbà ọlidé tí mo máa ń gbé ọ jókòó sórí tábìlì ọ́fíìsì, ihò téèpù lo fi ń ṣeré, o mọ ihò ìpadà kí o tó mọ bí a ṣe ń di gèlè. Ohun tí ihò bá sọ ni òótọ́.

Èyí tó tẹ̀ lé e, ìwọ fúnra rẹ ló ráhùn sí mi nípa rẹ̀. O ní bí ètò àjèjì náà bá dáhùn pé "ó ti lọ", ètò tìrẹ ń ní òun kò mọ ọ̀rọ̀ náà rí, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ rí i pé òun àti èyí tí ètò rẹ ń retí, bákan náà ni wọ́n ṣe kọ wọ́n. Kì í ṣe bákan náà. Ó lẹ ìpadà mọ́ ìdí rẹ̀, ojú kò sì lè rí ìpadà. Bí èèyàn bá fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí, a bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá ń jáde, a wọ bàtà tó bá ọ̀nà tó ń lọ mu. Bẹ́ẹ̀ ni kí o ṣe fún ọ̀rọ̀. Gbogbo ohun tó bá wọlé wá bá ètò rẹ, bọ́ ìparí ìlà rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, kí inú ilé mọ́. Gbogbo ohun tó bá ń jáde, wọ̀ ọ́ ní èyí tí ibi tó ń lọ ń fẹ́. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni kí èyí ti máa ṣẹlẹ̀. Bí o bá ń ṣe é káàkiri inú ilé, ibì kan yóò ṣẹ́ kù tí o máa gbàgbé.

Mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé ọ̀kan. Ìlà tó kẹ́yìn náà ní ìparí tirẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ máa ń rò pé bí ọ̀rọ̀ bá ti tán, ó ti tán. Bí o bá fi orí ẹ̀rọ sílẹ̀ láàárín ìwé, orí ọ̀rọ̀ rẹ ni ti ẹni tó kàn yóò gùn.

Ìyá rẹ ti yọjú báyìí, ó ní ṣé lẹ́tà ni mò ń kọ ni tàbí Kùránì ni mò ń dà kọ. Mo ka díẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "À ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó náà ń yọjú. Ẹ ti fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí ni?" N kò fọwọ́ kàn án rí. Ó lè jẹ́ pé o ti rí gbogbo ohun tí mò ń sọ yìí, kí o sì ti tún un ṣe, kí o máa fi mí rẹ́rìn-ín. Kí Ọlọ́run jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ lo mọ inú ẹ̀rọ yẹn. Ẹnu ọ̀nà òdìkejì nìkan ni mo mọ̀, ibi tí mo ti jókòó láti ìgbà tí n kò tíì fẹ́ ìyá rẹ.

Ṣùgbọ́n èyí ni mo lè sọ láì bẹ̀rù: bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àwọn akọ̀wé tí o ní ìka wọn ń gbọ̀n yẹn, lọ bá wọn. Kúnlẹ̀ kí wọn, kí o ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí nìdí tí ẹ fi ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì?" Ó lè jẹ́ pé àwọn náà kò mọ̀, bí èmi náà kò ṣe mọ̀ nígbà yẹn, ó lè jẹ́ pé ọ̀gá wọn ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, béèrè. Ohun tí o kò bá mọ ẹni tó fi í síbẹ̀, má tíì gbé e kúrò. Kí o sì máa jẹun lọ́sàn-án. Ẹ̀pà àti bísíkíìtì tí o kọ̀wé pé o ń jẹ ní ọ́fíìsì yẹn, kì í ṣe oúnjẹ ọmọlúàbí.

Ó wá ku ohun tí mo ṣe láàárọ̀ yìí.

Mo dé ọ́fíìsì kí ẹnikẹ́ni tó dé. Mo jókòó ti ẹ̀rọ mi, mo pe nọ́ńbà ilé oògùn yín. Ẹ̀rọ yín dáhùn. Mo fẹ́ kọ ọ́ sí ọ̀gá rẹ pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá ètò tuntun náà dúró." Ìka mi wà lórí bọ́tìnnì. Mo wá rántí ohun tí o kọ sí mi nígbà tí o wọ iṣẹ́ náà: "Bàbá mi, ẹ má bá mi bẹ ẹnikẹ́ni o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí èmi." Mo rántí pé ìwọ nìkan ni obìnrin nínú yàrá kọ̀ǹpútà yẹn, pé ọ̀gá rẹ ló ń kọ́kọ́ ka gbogbo tẹ́lẹ́ẹ̀sì tó bá wọlé, pé bí bàbá bá ti Èkó kọ̀wé pé kí wọ́n dá iṣẹ́ ọmọ òun dúró, wọn kò ní gbàgbé láéláé. Mo pa ìpè náà kí n tó tẹ lẹ́tà kan. Mo tọrọ ìyọ̀ǹda ìdajì ọjọ́, mo wá sílé láti fi gègé kọ ọ́.

Múfútàù, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń wakọ̀, ni yóò mú un wá. Láàárọ̀ ọ̀la ni yóò gbé èrò ní Obáléńdé, mo sì ti ní kó fi lé ọ lọ́wọ́ fúnra rẹ, kó má fi sílẹ̀ fún ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì.

Ohun tí mò ń béèrè kò pọ̀. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ lẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ètò rẹ ránṣẹ́ sí àwọn ilé-ìwòsàn. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n ń bọ̀ wá gbé ẹ̀rọ mi lọ, tuntun ti dé, ó wà nínú páálí lẹ́nu ilẹ̀kùn. Tí wọ́n bá ti gbé e, n kò mọ arúgbó mìíràn tí a lè fi dán iṣẹ́ rẹ wò láìfi ọmọ ẹnikẹ́ni ṣe ìdánwò. Àlàmísì nìkan ló kù wá kù. Lọ́jọ́ náà, ní kí ètò rẹ fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ mi, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa fi í ránṣẹ́ sí ilé-ìwòsàn gan-an, láìyọ nǹkan kan, láìfi nǹkan kan kún un. O mọ nọ́ńbà mi láti kékeré. Èmi yóò dúró tì í. N óò wo ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo ìlà. Bí gbogbo wọn bá délé kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, n óò dáhùn pé, "Gbogbo ilé kí ọ." Bí wọn kò bá délé, n óò dáhùn pé, "Ìyá rẹ fẹ́ rí ọ." Ọ̀gá rẹ lè kà á bó ṣe wù ú. Ìwọ yóò mọ̀, ìwọ yóò sì tún un ṣe fúnra rẹ kí ọjọ́ Ajé tó dé, orúkọ rẹ ni yóò sì wà lórí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún ọ, Àbẹ̀kẹ́. Bí wọ́n bá pe ìrun Àsárì lọ́jọ́ Àlàmísì tí ẹ̀rọ mi kò tíì dún, n óò kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ. Ìka mi kò ní dúró lẹ́ẹ̀kejì. Bó bá wù ọ́, bínú sí mi títí di ọjọ́ tí ẹ máa gbé mi lọ sí itẹ́, kí o má wá kí mi ní Iléyá, kí o má jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ mọ̀ mí. Mo lè fara da ìyẹn. Ìyá ọmọ kan wà ní ìlú yẹn tí n kò mọ orúkọ rẹ̀, òun ni n kò lè fara da ojú rẹ̀.

Má jẹ́ kí n ṣe é. Láti àárọ̀ Àlàmísì ni n óò ti wà níbẹ̀, n óò ti fi ìwé tuntun sí i. Ọmọ mi, fi ọ̀rọ̀ rẹ ránṣẹ́ sí mi kí n rí i pé ó délé.

Èmi ni,
Lásíìsì bàbá rẹ, tó ń dúró ti ẹ̀rọ.